Bí Omi Bá Pè Ọ́, Má Ṣe Dáhùn

Ọmọ mi Hàlímọ̀tù ni àwọn àlejò máa ń tẹ̀ lé kiri etí adágún omi tó wà ládùúgbò wa ní Ìlọrin, àmọ́ kò sí ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni rí i kó fi ẹsẹ̀ kan omi náà. Á dúró sórí ilẹ̀ gbígbẹ, á na ọwọ́. "Ẹ wo àwọn lékeléke lọ́hùn-ún. Ẹ wo Òkè Sóbí lẹ́yìn wọn. Ẹ wo ògiri dáàmù yẹn, bó ṣe ń wo ara rẹ̀ nínú omi bí ìyàwó tuntun." Bí àwọn àlejò bá wọ ọkọ̀ ojú omi tán, tí wọ́n ní kó wọlé káwọn jọ lọ, á rẹ́rìn-ín, á ní òun ń ṣọ́ bàtà wọn.

Gàní tó ń tu ọkọ̀ níbẹ̀ ló sọ ọ́ ní Ìyá Ilẹ̀-Gbígbẹ.

"Ìyá Ilẹ̀-Gbígbẹ, òjò ń ṣú o! Ibo lo máa sá gbà?"

"Ilé ìyàwó rẹ ni n ó sá lọ. Ibẹ̀ ni omi ò tíì dé látìgbà tó ti ń bẹ̀ ọ́ pé kó o gbẹ́ kànga fún òun."

Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín. Èmi kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń ba ọmọ mi, mo sì mọ ibi tí ẹ̀rù náà ti wá.

Àgbàlá wa ní Gàmbàrí ló ti wá. Nígbà tí Hàlímọ̀tù wà ní kékeré, iná kì í dúró lọ́dọ̀ wa. Bí òṣùpá bá ti yọ, gbogbo ọmọ agbo ilé á ti tẹ́ ẹní. Àwa ìyá sì ní iṣẹ́ kan tí à ń fi àlọ́ ṣe. Odò Àsá la àárín ìlú kọjá, ọmọdé kì í gbọ́ràn, a ò sì lè so ọmọ mọ́lẹ̀ bí ẹni so ewúrẹ́. Àlọ́ la fi ń so wọ́n.

Èyí tí mo máa ń pa fún wọn nìyí. Omi kò ní ẹnu tirẹ̀. Ẹnu ẹlẹ́nu ló ń yá. Bó bá rí ọmọ tó dá rìn létí bèbè, á wá ohùn ẹni tí ọmọ náà fẹ́ràn jù, á gbé e wọ̀ bí ẹ̀wù, á fi pe ọmọ náà lórúkọ. Ọmọ kan wà tó ń jẹ́ Àsàbí. Ìyá rẹ̀ rán an lómi, ó dé etí odò, ó gbọ́ tí ìyá rẹ̀ ń pè é láti àárín odò. Ó kúkú mọ̀ pé ìyá òun wà nílé, pé ó ń rokà. Ó ṣáà dáhùn. Ó ní, "Mo wà ńbí, Ìyá mi." Bó ṣe la ẹnu báyìí, ohùn rẹ̀ fò jáde, omi gbé e mì, ara rẹ̀ sì tẹ̀ lé ohùn rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, ohùn Àsàbí wà lára àwọn ohùn tí omi fi ń pe ọmọ ọlọ́mọ. Èmi á wá gbé orin, àwọn ọmọ á gbè é:

Ta ló ń pè mí létí omi?
Má jẹ́ o, má jẹ́.
Ó fi ohùn ìyá mi pè mí.
Má jẹ́ o, má jẹ́.
Ojú ìyá mi dà, n ò rí i.
Má jẹ́ o, má jẹ́.

Àwọn ọmọ yòókù á gbè é tán, wọ́n á sùn lọ. Hàlímọ̀tù kì í sùn. Á di etí ìró mi mú, á ní, "Ìyá, bó bá jẹ́ ẹ̀yin gan-an lẹ ń pè mí ńkọ́?" Mo ní kó wá mi wá, kó rí ojú mi ná. "Bí n ò bá wá rí ojú yín ńkọ́?" Mo ní kó dákẹ́, kó sùn.

Òfin kan tún wà tí gbogbo agbo ilé mọ̀: a kì í pa àlọ́ nígbà tí òòrùn bá wà lókè. Ẹni tó bá pa á àti ẹni tó bá gbọ́ ọ, ìyá wọn á sọnù. Bí ìyá tèmi ṣe sọ ọ́ fún mi nìyẹn. N ò bi í pé ibo ni àwọn ìyá náà máa ń sọnù sí. Mo kàn ń dúró de alẹ́ bíi ti gbogbo ayé.

Hàlímọ̀tù dàgbà, ẹnu rẹ̀ sì dàgbà ju ara rẹ̀ lọ. Nígbà tó ń kiri wàrà, àwọn oníbàárà á ti jẹ wàrà tán, wọn ò ní tíì lọ, ìtàn ló ń sọ fún wọn. Ó fẹ́ Habibullah, tó ń wa bọ́ọ̀sì láti Ìlọrin sí Málété, wọ́n sì rí ilé kan gbà létí adágún omi yìí. Ilé náà dára, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i. Ọjọ́ tí wọ́n kó wọlé ni Hàlímọ̀tù ti fi aṣọ bo fèrèsé tó kọjú sómi. Aṣọ náà ò kúrò níbẹ̀ mọ́.

Nígbà tó bí Fawziyyah, èmi náà kó ẹrù mi wá sọ́dọ̀ wọn. Inú mi ò dùn sí ibẹ̀. Àwa àgbà kì í pe omi náà ní dáàmù, dààmú là ń pè é. "Ṣé ẹ ti ń bọ̀ láti etí dààmú yẹn?" Àwọn ọmọ á máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé a ò lè pe gẹ̀ẹ́sì. Wàlláhì, a mọ ohun tí à ń pè.

Ọ̀gbẹ́ni Láníyọnu, ọkùnrin Èkìtì kan, ló ṣí ọgbà ìgbafẹ́ sétí omi náà. Àga wà lábẹ́ igi, ẹja yíyan wà, Gàní sì ń fi ọkọ̀ gbé àwọn èèyàn yí omi ká. Lọ́jọ́ kan, ó gbọ́ tí Hàlímọ̀tù ń júwe ọ̀nà fún àwọn kan tó ṣìnà. Ó ní ọ̀nà tó júwe dùn ju ibi tí wọ́n ń lọ. Ó gbà á síṣẹ́. Láti ìgbà náà, bí àlejò bá dé láti Èkó, láti Ìbàdàn, tàbí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Málété, Hàlímọ̀tù ni wọ́n máa ń fà wọ́n lé lọ́wọ́. Á mú wọn lọ wo òkúta tí wọ́n ní àwọn ará ìjọ́un ń lọ irin lórí rẹ̀, èyí tí wọ́n ní ìlú ti gba orúkọ. Á mú wọn lọ wo àwọn ìyá tó ń mọ ìkòkò ní Dáda, bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀yìn rìn yí ìkòkò po. Bí òòrùn bá rọ̀ díẹ̀, á mú wọn dé etí omi, á dúró síbi tí ilẹ̀ gbígbẹ pin sí, á máa na ọwọ́.

Ohun tí mo fi àlọ́ sọ fún un, òun sọ ọ́ di òfin ilé fún ọmọ tirẹ̀. Bó bá ń dirun fún un, á máa bi í.

"Fawziyyah, bí wọ́n bá pè ọ́ létí omi tó ò rí ojú ẹni tó ń pè ọ́ ńkọ́?"

"N ò ní dáhùn."

"Bó bá tún pè ọ́ ńkọ́?"

"N ó sá pamọ́."

"Bó bá jẹ́ ohùn tèmi ńkọ́?"

"N ó sá pamọ́ dáadáa."

Ìyá rẹ̀ á fi òróró pa á lórí, á ní ọmọ òun gbọ́n. Èmi náà á ní ó gbọ́n.

Lẹ́yìn ọdún Iléyá kan, nígbà tí ẹran ṣì wà nínú ìkòkò oníkálukú, èrò wọ́ wá sí ọgbà náà tó jẹ́ pé àga ò tó. Habibullah ti gbé èrò lọ sí Málété. Hàlímọ̀tù ní kí èmi àti ọmọ tẹ̀ lé òun, kí ọmọ má bàa dá wà nílé. Ó tẹ́ ẹní fún wa lábẹ́ igi máńgòrò kan, ó fà á lé mi lọ́wọ́, ó lọ bá àwọn àlejò rẹ̀. Aṣọ ọdún pupa ló wà lọ́rùn Fawziyyah. Ó jókòó, ó ń wo eèsún tó wà létí omi, níbi tí àwọn lékeléke ń bà sí.

"Ìyá Àgbà, ṣé àwọn lékeléke bímọ síbẹ̀ ni?"

"Bóyá wọ́n bí."

"Ṣé ọmọ wọn funfun?"

"Jókòó jẹ́ẹ́. Mo fẹ́ kírun."

Ìrun Làásárì ni. Mo ní kó jókòó sí etí ẹní, kó má kúrò níbẹ̀. Mo gbé ọwọ́ sókè, mo wọnú ìrun. Nígbà tí mo jókòó ìgbẹ̀yìn, mo yí ojú sọ́tùn-ún, mo sàlámà: bàtà rẹ̀ wà níbẹ̀. Mo yí sósì: kò sẹ́nì kankan.

N ò tíì bẹ̀rù nígbà náà. Mo wo ẹ̀yìn igi. Mo wo ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yan ẹja. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Hàlímọ̀tù láàárín àwọn àlejò rẹ̀, ẹnu mi ti gbẹ.

"Fawziyyah dà?" Òun ló kọ́kọ́ bi mí. Ojú mi ló rí.

"Mo ń kírun ni, Hàlímọ̀."

"Ìyá, ọ̀dọ̀ yín ni mo fi í sí."

"Ọ̀dọ̀ mi ló wà. Mo ń kírun ni."

Ó sáré. Bàtà rẹ̀ kan yọ sílẹ̀, kò bojú wẹ̀yìn. Ó sáré títí dé ibi tí ilẹ̀ gbígbẹ pin sí, ó sì dúró gbọn-in níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fi okùn fà lẹ́yìn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹ̀gbẹ́ ẹnu, ó kígbe sórí omi:

"Fawziyyah o!"

Omi náà sì dáhùn. Láti àárín rẹ̀ lọ́hùn-ún, ohùn ọmọ mi padà wá, ó fà, ó tutù: "...ziyyah o."

Gbogbo irun ara mi dìde. Gàní wà nítòsí, ó ní, "Ògiri dáàmù ni, Ìyá. Bí omi bá kún báyìí, ó máa ń dá ohùn padà." Mo gbọ́ ohun tó sọ. Ara mi ò gbọ́ ọ.

Ọ̀gbẹ́ni Láníyọnu ní kí wọ́n pa orin. Ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́nu, ó kọjú sómi, ó ní, "Fawziyyah, ọmọ Hàlímọ̀tù, ibikíbi tó o bá wà, máa bọ̀ lọ́dọ̀ ìyá ẹ." Ògiri náà gbà á, ó sọ ọ́ di ohùn òmìrán, ó ń ti inú omi bọ̀: ọ̀dọ̀ ìyá ẹ, ìyá ẹ. Ó tún un pè. Ó tún un pè. Kò sí ohùn ọmọdé kankan tó jẹ́ ẹ. Àwọn èèyàn ti ń wá a kiri, àwọn kan ń bẹ abẹ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wò, àwọn kan ń ṣí ilẹ̀kùn ilé ìyàgbẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Obìnrin àlejò kan tó wọ awò dúdú ní, "Ariwo tó tó báyìí! Àbí ọmọ náà kì í gbọ́rọ̀ ni? Ṣé odi ni?"

"Màdáámù," Gàní ní, "ẹ bá wa wá a, ẹ má bá wa bú u."

Ó bọ́ sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó tì í jáde. Ó mú ọ̀pá gígùn tó fi ń ti ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í bọ inú omi. Kò sọ ohun tó ń wá. Gbogbo wa mọ ohun tó ń wá. Á ki ọ̀pá bọ̀ ọ́, á fà á yọ, á sún síwájú. Lẹ́ẹ̀kan, ọ̀pá náà kan nǹkan, ó dúró. Hàlímọ̀tù di apá mi mú, èékánná rẹ̀ wọ ẹran ara mi. Gàní bẹ̀rẹ̀, ó fi ọ̀pá yí nǹkan náà díẹ̀díẹ̀, ó ń gbé e bọ̀. Táyà ni. Táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ẹrẹ̀ bò. Ẹnì kan lẹ́yìn wa ní àlùhámúdúlílàhì.

Ọ̀gbẹ́ni Láníyọnu tún gbé ẹ̀rọ náà sẹ́nu. Ó pe orúkọ ọmọ, omi sì tún pe orúkọ ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Mo kíyè sí i pé èmi ti wà lẹ́yìn igi máńgòrò. Ẹsẹ̀ mi ló gbé mi débẹ̀, n ò rán an. Èmi, àgbà obìnrin tó ti sin ọkọ, tó ti bímọ, tó ti sin ọmọ, mo ń sá pamọ́ fún ohùn orí omi.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ mí lára bí omi tútù. Bí èmi bá ń sá pamọ́, kí ni Fawziyyah ń ṣe?

Mo ké. "Ẹ pa ẹ̀rọ yẹn! Ẹ má pè é mọ́!"

"Màmá," Ọ̀gbẹ́ni Láníyọnu ní, "ṣé ẹ ò fẹ́ ká rí ọmọ náà ni?"

"Ẹ pa á, mo fi Ọlọ́hun bẹ̀ yín!" Mo yíjú sí ọmọ mi. "Hàlímọ̀, kí lo kọ́ ọmọ rẹ? Bí wọ́n bá pè é létí omi, tí kò rí ojú?"

Ó wò mí. Mo rí i bó ṣe yé e. Ó jókòó sórí ilẹ̀.

"Ó ń gbọ́ wa," ó ní.

"Ó ń gbọ́ wa. Àwa ló ń sá fún."

Ọ̀gbẹ́ni Láníyọnu gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni gbé ẹyin kalẹ̀. Ó ní ká ṣáà kọrin kan tí ọmọ náà mọ̀, orin iléèwé, orin kéú, ohunkóhun. Hàlímọ̀tù mi orí. "Ohunkóhun tá a bá sọ, omi á tún un sọ. Bó bá dùn jù, á rò pé omi ń tan òun ni."

Nǹkan kan wà tí Fawziyyah kì í lè gbọ́ kó dákẹ́. Bí oorun bá ti kùn ún, tí ìpéǹpéjú rẹ̀ ti pa dé, bí mo bá ti ní "Ààlọ́ o," á jí dáhùn. Kò sí ìgbà tí kò dáhùn rí. Ọ̀rọ̀ náà wà ní ọ̀nà ọ̀fun mi. Àmọ́ mo wo òkè. Òòrùn wà níbẹ̀, ó mú, ó ń tàn sí gbogbo orí omi.

Ẹni tó pa á, ẹni tó gbọ́ ọ, ìyá wọn á sọnù. Ìyá tèmi ti lọ tipẹ́. Ìyá Fawziyyah ló jókòó síwájú mi nílẹ̀ yìí, ọmọ tí mo fi inú mi bí. Mo mọ̀ pé Ọlọ́hun nìkan ló ni ẹ̀mí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ forí kanlẹ̀ fún Un ni. Síbẹ̀ mo tún wo òòrùn.

Hàlímọ̀tù ti mọ ohun tí mo ń rò. Àgbàlá kan náà la ti jáde.

"Ẹ pa á, Ìyá."

"Òòrùn wà lókè."

"Mo rí i. Ẹ pa á."

Mo la ẹnu.

"Ààlọ́ o!"

Ògiri náà gbé e, ó jù ú padà lórí omi. Kò sí èsì. Afẹ́fẹ́ ń mi eèsún. Lékeléke kan fò, ó bà.

"Ààlọ́ o!"

Ohùn kan wá ti inú eèsún jáde, tín-ín-rín, ẹkún ti bò ó, ìbínú sì wà nínú rẹ̀:

"Ẹ má pa á o! Ìyá Àgbà, òòrùn ṣì wà lókè! Ìyá mi á sọnù o!"

"Lá iláhà ilalláhù!" Gàní kígbe láti ọ̀nà jíjìn lórí omi. "Ọkọ̀ jíjò! Inú ọkọ̀ jíjò ló wà!"

Ọkọ̀ àtijọ́ kan wà tí Gàní ti patì sínú eèsún nítorí pé ó ń jò. Ó fi tàpólì bò ó, ó fi okùn so ó mọ́ èèkàn kan. Kò sẹ́ni tó tún ń wò ó mọ́. Nígbà tá a wá wò ó, okùn náà ti já, ọkọ̀ náà ti rọra sún jáde láti etí ilẹ̀, eèsún ló ń dì í mú. Imú rẹ̀ ti wọlẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí omi gba orí etí rẹ̀ wọlé. Tàpólì náà ń mì.

Gàní bẹ̀rẹ̀ sí í tu ọkọ̀ rẹ̀ bọ̀, àmọ́ apá ògiri lọ́hùn-ún ló wà, ó jìnnà. N ò rí ìgbà tí Hàlímọ̀tù dìde. Mo kàn rí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó dé ibi tí ilẹ̀ gbígbẹ pin sí. Kò dúró. Omi mu ún dé orúnkún, ó mu ún dé ìbàdí, híjáàbù rẹ̀ léfòó yí i ká bí ewé òṣíbàtà. Ó ń sunkún, ó ń lọ. Ó ń ké bí ẹni tí wọ́n ń nà, ó sì ń lọ.

Ó ká tàpólì náà. Fawziyyah dùbúlẹ̀ sínú ọkọ̀, ó fẹ̀yìn lélẹ̀, omi inú ọkọ̀ ti dé etí rẹ̀. Ó di ojú pa pinpin. Kò na ọwọ́.

"Fawziyyah, dìde!"

Ó fún ètè pọ̀.

"Èmi ni! Ìyá rẹ ni!"

Ọmọ náà mi orí. Àwa tá a wà létí bèbè ń rí i bí ọkọ̀ náà ṣe ń tẹ̀. Hàlímọ̀tù fa híjáàbù kúrò lórí níwájú gbogbo ayé, ó tẹ orí sínú ọkọ̀ títí ojú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ojú ọmọ.

"Ojú mi nìyí. La ojú rẹ, kó o wò ó. Wo ojú mi."

Ó la ojú kan. Ó wò ó. Ó la ìkejì. Ó wá ju apá mọ́ ọn lọ́rùn pẹ̀lú agbára tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ Hàlímọ̀tù yọ̀ nínú ẹrẹ̀. Wọ́n ṣubú sínú omi. Orí ọmọ mi wọlẹ̀, irun rẹ̀ ló kù lórí omi, lẹ́yìn náà irun ò sí mọ́. Apá rẹ̀ nìkan ló kù lókè. Ó gbé Fawziyyah sórí rẹ̀ bí ẹni gbé agbọ̀n.

Mo sọ nínú ara mi pé àlọ́ ọ̀sán ti gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Mo ń wo apá yẹn.

Gàní dé. Ó já ọmọ gbà, ó jù ú sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó fi ọwọ́ kejì wá inú omi, ó rí aṣọ dì mú. Ó fà. Orí Hàlímọ̀tù yọ, ó ń húkọ́, ó ń bì, ó ń mí.

Nígbà tí wọ́n gbé wọn dé ilẹ̀, Fawziyyah ò jẹ́ kí n gbá òun mọ́ra. Ó dúró síwájú mi, omi ń kán lára aṣọ ọdún rẹ̀.

"Ìyá Àgbà, ẹ pa àlọ́ lọ́sàn-án."

"Mo pa á."

"Ṣé Ìyá mi ò ní sọnù?"

"Kò sọnù. Òun rèé."

Ó yíjú, ó tẹjú mọ́ ìyá rẹ̀, tó da ojú délẹ̀, tó ń húkọ́. Ó lọ jókòó tì í, ó di etí aṣọ rẹ̀ mú bí ìyá rẹ̀ náà ṣe máa ń di tèmi mú. Obìnrin tó wọ awò dúdú yẹn ti bọ́ awò rẹ̀, ó ń fi ìborùn tirẹ̀ bo Hàlímọ̀tù lórí.

Nígbà tí Habibullah dé láti Málété, ó gbé ọmọ lé itan, ó bi í pé kí ló dé tí kò dáhùn.

"Mo fẹ́ wo ọmọ lékeléke," ó ní. "Omi wá ń pè mí. Ó fi ohùn Ìyá mi pè mí, mo dákẹ́. Ó fi ohùn ọkùnrin pè mí, mo dákẹ́. Ó wá ń wọlé bá mi nínú ọkọ̀. Mo ṣì dákẹ́."

Bàbá rẹ̀ gbé e mọ́ra, ó ń wo aṣọ tó wà lójú fèrèsé.

Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ tàn. Àwọn àlejò ti wá ń béèrè ibi tí omi ti ń pe èèyàn. Ọ̀gbẹ́ni Láníyọnu kan àga gígùn kan tó kọjú sí ògiri síbẹ̀. Hàlímọ̀tù ló ń mú wọn lọ. Kì í ṣọ́ bàtà mọ́. Á bọ́ tirẹ̀ náà, á wọ inú omi dé ọrùn ẹsẹ̀, á yíjú sí wọn, á máa sọ̀rọ̀. Àwọn àlejò á máa rẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lèmi máa ń wò. Ó ń gbọ̀n nínú omi náà títí dòní.

Gàní ò pè é ní Ìyá Ilẹ̀-Gbígbẹ mọ́. Ó ti gbẹ́ kànga fún ìyàwó rẹ̀, ó ní òun ò fẹ́ kí Hàlímọ̀tù tún rí nǹkan sọ. Ọkọ̀ jíjò yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló là á, tó fi dáná yan ẹja.

Òfin ilé ti yí padà. Bí Hàlímọ̀tù bá ń dirun fún ọmọ rẹ̀ báyìí, tó bi í pé bí wọ́n bá pè é tí kò rí ojú ńkọ́, ohun tí Fawziyyah ń sọ ni pé, "N ó ké padà pé, 'Ta nìyẹn? Fi ojú hàn!'" Ìyá rẹ̀ á ní ó gbọ́n. Èmi ò tíì lè sọ ọ́.

Lọ́jọ́ kan, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ń pariwo orúkọ ara wọn sí ògiri náà, ògiri ń dá wọn lóhùn, ẹ̀rín ń pa wọ́n. Fawziyyah bọ́ síwájú wọn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹ̀gbẹ́ ẹnu bíi ti ìyá rẹ̀.

"Fawziyyah o!"

Omi pè é: ziyyah o.

N ò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó fi gbé àgbọ̀n sókè, tó dá a lóhùn pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀: "Mo wà ńbí!"

Ohun tí Àsàbí sọ gan-an nìyẹn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pàtẹ́wọ́. Mo ti di etí aṣọ rẹ̀ mú lẹ́yìn, mo dì í mú débi pé ó ń bojú wẹ̀yìn wò mí. Ohùn rẹ̀ lọ sórí omi, ó ń lọ, ó pẹ́. Mo dúró níbẹ̀, mo ń retí kó padà.